Ẹ jẹ́ kí òbí rí brọ́ṣọ̀ JAMB kí ẹ tó pín ọmọ sí kíláàsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Tọ́ọ̀mù kẹta la wà yìí, àwọn ọmọ JSS3 sì ti ń múra ìdánwò àṣejáde wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa wọlé padà lóṣù Kẹsàn-án, wọ́n á ti pín wọn tán: àwọn kan sí sáyẹ́ǹsì, àwọn kan sí kọmáṣíà, àwọn kan sí áàtì. Ọ̀rọ̀ pípín yìí ni mo fẹ́ bá àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn òbí ìlú Èkó sọ, nítorí ohun tí ojú mi ń rí lọ́dọọdún ti sú mi.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Bàrígà, lọ́nà Akọkà. Mò ń ta ìwé àti bírò, mò ń ṣe fótókọ́pì, mo sì ní kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi ń yẹ èsì wọn wò. Bí a ṣe sún mọ́ UNILAG yìí, àwọn tó ń wá ọ̀nà wọ yunifásítì kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Àwọn tó mọ̀wé gan-an ló sì máa ń ṣe mí láàánú jù nínú wọn.

Lẹ́yìn tí èsì WAEC jáde lọ́dún tó kọjá, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi. Lọ́ọ̀ lọmọ náà fẹ́ kà. Èsì rẹ̀ dára débi pé mo kí ìyá kú oríire kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ìṣirò wà, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, físíìsì, ágíríìkì, gbogbo rẹ̀ ló gba kírẹ́díìtì. Kò sí lítíréṣọ̀. Kò sí gọ́fúmẹ́ǹtì, kò sí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kankan. Yunifásítì tó pọ̀ ni kò ní gba ọmọ síbi ìmọ̀ òfin láìní kírẹ́díìtì nínú lítíréṣọ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, ìyá náà ní, "Àǹtí, wọ́n ní ó mọ̀wé ni wọ́n ṣe gbé e sí sáyẹ́ǹsì. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà náà." Ọmọ yẹn ò sunkún. Ó kàn ní, "Mo sọ fún tísà wa pé lọ́yà ni mo fẹ́ ṣe, mà. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ lọ jókòó pẹ̀lú àwọn olódo ni."

Ohun tó kù fún un ni kó lọ forúkọ sílẹ̀ fún WAEC àdáni, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lítíréṣọ̀ tí kò fojú kàn láti SS1, kó sì tún JAMB kọ pẹ̀lú sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó yàtọ̀ pátápátá. Ọdún kan gbáko ti lọ, owó fọ́ọ̀mù ti lọ, owó lẹ́sìn ń bọ̀ lẹ́yìn. Èlùbọ́ ni wọ́n máa tà kí owó yẹn tó pé.

Bí wọ́n ṣe ń pín wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ tó pọ̀ nìyí. Wọ́n á ṣí èsì JSS3, wọ́n á to orúkọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn tó wà lókè di ti sáyẹ́ǹsì, àwọn tó wà láàárín di ti kọmáṣíà, ìyókù di ti áàtì. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ léèrè ohun tó wù ú. Kò sẹ́ni tó wò ó bóyá inú Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni máàkì tó gbé e lọ sókè ti wá, tó sì jẹ́ pé díẹ̀ ló fi yè nínú ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọkùnrin tó ń tú fáànù palẹ̀ tó sì ń tò ó padà, tó jẹ́ pé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ti máa ń ta gbogbo kíláàsì yọ, á bá ara rẹ̀ ní áàtì nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fà á wálẹ̀. Bí a bá ro gbogbo máàkì pọ̀ tí a fi pín in, a ò lè rí ibi tí ọmọ ti mú.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Ìwé ẹ̀rí WAEC kì í kọ sáyẹ́ǹsì tàbí áàtì sára. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ọmọ kọ àti ipò tó gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbà kí ọmọ kọ, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì fẹ́ lè jẹ́ kí ọmọ tó ń ka báyọ́lọ́jì ka lítíréṣọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwa la mọ ògiri tó wà láàárín àwọn kíláàsì yẹn, tìtorí tìmù-tébù àti tísà tí kò tó. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé tísà físíìsì kan ṣoṣo ló ní fún SS1 dé SS3. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ fún òbí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má sọ pé orí ọmọ ò gbé e, nígbà tó jẹ́ pé tísà ni kò sí.

JAMB ní tirẹ̀ kò bèèrè ju sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni dandan, ìbéèrè 60 ló wà níbẹ̀; mẹ́ta yòókù, ìbéèrè 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta yòókù yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ló máa kọ. Ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ò lè sá fún ìṣirò àti físíìsì. Ẹni tó fẹ́ ṣe akíténkì, ìṣirò àti físíìsì ló máa gbé e wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń yàwòrán ló máa fi jẹun, bẹ́ẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ míì ti ti yíyàwòrán mọ́ kíláàsì áàtì. Àwọn òbí tó ń sọ pé kọmáṣíà ni kí ọmọ àwọn lọ nítorí pé kò fẹ́ràn ìṣirò ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Ìṣirò ń dúró de ẹni tó fẹ́ ka àkáǹtì. Ó ń dúró de ẹni tó fẹ́ ka ẹkonọ́míìsì náà. Kọmáṣíà kì í ṣe ibi ìsápamọ́ fún ìṣirò.

Ní ti ìṣirò yìí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tan ara wọn jẹ. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé yunifásítì kò ní fi kírẹ́díìtì nínú ìṣirò di àwọn tó fẹ́ ka áàtì lọ́wọ́ mọ́. Bí àwọn ọmọ kan ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ti ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù mi pé ìṣirò ti kúrò nílẹ̀. Kò kúrò nílẹ̀. Ìjọba tún jáde lẹ́yìn náà láti ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ ló ṣì máa kọ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò nínú ìdánwò àṣejáde. Ọmọ tó bá pa á tì láti SS1, tí ọkàn rẹ̀ wá yí sí ẹkonọ́míìsì ní SS3, ta ni yóò sáré bá a kọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta?

Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tó jáde lọ́dún 2025 tún mú kí ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Ó ti dín iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì SS kù sí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Mo fara mọ́ ọn, àpò ìwé àwọn ọmọ yẹn ti wúwo jù tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sọ́bújẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ṣi èyí tó fẹ́ mú mú ò ní ríbi tún un ṣe. Nígbà tí ọmọ ń ka púpọ̀, ó lè ṣèèṣì ní èyí tí yunifásítì máa bèèrè nínú wọn.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà tí wọ́n fi sínú ètò náà: ṣíṣe iná sólà, télọ̀ àti aṣọ rírán, ìtọ́jú irun àti ara, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, ẹran sísìn, àti gbíngbin nǹkan ọ̀gbìn. Nínú ìlú tí Computer Village wà ní Ìkẹjà, tí kò sí àdúgbò tí wọn ò ti ń wá ẹni tó mọ sólà ṣe, ọmọ tó bá mọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí dáadáa kò ní jókòó lásán lẹ́yìn SS3. Kí ilé-ẹ̀kọ́ má sáà kàn mú èyí tí kò ná wọn lówó fún gbogbo ọmọ. Ọmọ tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba Èkó wà, irú èyí tó wà ní Agídíńgbì àti Ìkòtún. NABTEB, ìdánwò àṣejáde ti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, ọmọ sì lè fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. N kì í gbọ́ kí òbí kan dárúkọ wọn. Gbogbo wọn ń wò ó bí ẹni pé ìyà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ọmọ.

Èrò pé áàtì ni ti àwọn tí kò mọ̀wé ni mo fẹ́ kí a yé gbìn sọ́kàn ọmọ. Ọmọ Èkó ni Taslim Elias. Ìmọ̀ òfin ló kà, òun ló sì jẹ́ ààrẹ ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní The Hague láti ọdún 1982 sí 1985. Wọlé Ṣóyínká fi lítíréṣọ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986. Tí àwọn wọ̀nyí bá jẹ́ ọmọ JSS3 lónìí, sáyẹ́ǹsì ni wọ́n máa fi agídí gbé wọn sí. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni ti èdè wa. Láti ọdún 2018 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti wà tó sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí ọmọ SS1 tí wọ́n ti yọ Yorùbá kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kò bá sáyẹ́ǹsì lọ.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ tiwa náà ò mọ́. Bàbá kan sọ níwájú mi pé òun ti ní ẹnjiníà kan àti àkáǹtántì kan nílé, dókítà ló kù. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín léèrè. Ẹ bi í léèrè sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó máa ń ṣe àsáínmẹ́ǹtì rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pariwo lé e lórí. Ó lè má mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ṣì kéré. Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó mú àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kò ní ti ilẹ̀kùn tó pọ̀ mọ́ ọn, kó sì má fi ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ṣeré.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Èkó fún kò ná owó púpọ̀. Kí wọ́n pe àwọn òbí JSS3 jọ nínú tọ́ọ̀mù yìí, kí èsì tó jáde, kí wọ́n sì fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, torí ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba tàbí ní Mushin lẹ́tọ̀ọ́ láti lóye ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣe. Kí wọ́n ṣí brọ́ṣọ̀ JAMB, ìwé tó to sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń bèèrè fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, síwájú wọn. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Kí tísà agbaninímọ̀ràn jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kí òbí sì fọwọ́ sí i. Kí wọ́n sọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọn ò ní tísà fún, kí ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ síbòmíràn lè tètè lọ. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ tó bá rí i ní SS1 pé ibi tí òun wà kò bá òun mu lè yí padà láàárín tọ́ọ̀mù kìíní, láìsí pé ìyá rẹ̀ ń lọ bẹ èèyàn kiri.

Mo ti tẹ àwọn ohun tí yunifásítì ń bèèrè fún iṣẹ́ tí àwọn ọmọ máa ń dárúkọ jù sórí ìwé kan, ní Yorùbá. Ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní Bàrígà àti Ṣómólú tó bá fẹ́ ẹ fún ìpàdé àwọn òbí, èmi ni màá ṣe fótókọ́pì rẹ̀ fún wọn, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Bàrígà, Èkó