Ẹ jẹ́ kí oníbàárà rí wa lẹ́nu iṣẹ́ awọ

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Gbogbo àpò awọ ni wọ́n ń kọ "ọwọ́ la fi rán an" sí lára báyìí. Ẹni tí kò rí wa lẹ́nu iṣẹ́ rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Àwa oníṣẹ́ awọ la ń tilẹ̀kùn mọ́rí, tí a tún ń ráhùn pé oníbàárà ń dúnàá dúràá jù.

Òwú kan la fi ń rán awọ, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan òwú náà. Bí ibi tí a fẹ́ rán bá gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, a ó gé òwú ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, nítorí inú ihò kan náà ni abẹ́rẹ́ méjèèjì ń gbà kọjá, ọ̀kan láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn. A ó ti fi ìda oyin pa á kó tó wọlé, kó lè di ihò mú. Òwú méjì ni ẹ̀rọ ń lò ní tirẹ̀, wọ́n kàn ń kọ́ ara wọn lọ́rùn láàárín awọ ni. Bí ọ̀kan bá já, ó lè máa tú lọ. Ti ọwọ́ kì í tú bẹ́ẹ̀, torí apá kejì òwú ṣì wà nínú gbogbo ihò. (Kì í ṣe pé ẹ̀rọ burú o. Aṣọ inú àpò, ẹ̀rọ ni kó rán an.)

Ìdí ìlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń lu ihò sára awọ, ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ báyìí, iwájú á tò gún régé, ẹ̀yìn á máa rìn ségesège. Ẹni tó bá ti wò wá rán an lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn àpò ló máa kọ́kọ́ yí wò. Bí abẹ́rẹ́ kejì bá gún òwú tó ti wà nínú ihò, kò ní ṣeé fà le mọ́, àfi ká fà á padà. Bí a bá sì fà á jù, òwú á gé awọ, pàápàá awọ ikùn ẹran, tó máa ń nà ju ti ẹ̀yìn lọ.

Fídíò kéékèèké tí a ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó, torí ibi tó ń pẹ́ gan-an la máa ń gé kúrò. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gba èrò, kó fi awọ tí a rán dé ìdajì sórí tábìlì, abẹ́rẹ́ méjèèjì nínú rẹ̀, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ rán ojú mẹ́ta kó tó béèrè iye rẹ̀.

Oníṣẹ́ awọ kan