Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Owó Ìrànwọ́, Láti Ọ̀dọ̀ Àwa Aláró àti Aládìrẹ Ìtòkú

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta,
Aké, Abẹ́òkúta.

Alága wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa ẹgbẹ́ aláró àti aládìrẹ ọjà Ìtòkú la kọ ìwé yìí: àwa tí à ń fi iko so aṣọ, àwa tí à ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára rẹ̀ kí aró má bàa mú ibẹ̀, àtàwọn tó ń rẹ ẹ́ sínú aró. Owó ìrànwọ́ la wá bẹ̀bẹ̀ fún. Kì í ṣe ẹ̀yáwó.

Ẹ má bínú, a ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí owó ìrànwọ́ bá dé, orúkọ ni wọ́n máa ń gbà, ẹni tó bá sì mọ èèyàn lorúkọ rẹ̀ ń wọlé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pín 50,000 náírà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní 2024, inú ẹni tó rí i gbà dùn, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n owó tó bá bọ́ sápò ẹnì kan, oúnjẹ àti owó iléèwé ọmọ ló ń bá lọ, ta ni yóò dá a lẹ́bi? 50,000 kò lè gbẹ́ kànga. Ẹ kó irú rẹ̀ ogójì jọ, ó di mílíọ̀nù méjì, nǹkan gidi lè jáde níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ fún ẹgbẹ́, kí ẹ má fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Omi ni iṣẹ́ wa. Aṣọ tó bá jáde nínú aró, a ó ṣàn án ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Èyí tí a fi ẹ̀kọ yà, a ó kọ́kọ́ ha ẹ̀kọ náà kúrò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn dára fún sísá aṣọ, ìgbà náà gan-an lomi ń wọ́n, ọmọ iṣẹ́ tó yẹ kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń di aṣọ á wá máa ru kẹ́ẹ̀gì kiri. Omi aró àti sódà, kẹ́míkà tí à ń pò mọ́ aró, tí a bá lò tán ńkọ́? Gọ́tà ló ń gbà lọ, láàárín àwọn aláta àti ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Sódà sì ń jó ọwọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní 1936, ìjọba òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lórí àdìrẹ ìlú yìí, nígbà tí sódà àti aró òyìnbó dá wàhálà sílẹ̀, àwọn aláró sì rojọ́ tiwọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń bá aláṣẹ sọ̀rọ̀.

Ohun tí à ń fẹ́ ni kànga ẹlẹ́rọ kan pẹ̀lú táńkì, kòtò tí omi aró yóò máa dà sí kó tó kan gọ́tà, àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ẹ san owó náà sí àkáǹtì ẹgbẹ́, kí òṣìṣẹ́ yín kan wà lára àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ẹ pín in sí méjì; bí ẹ kò bá tíì fojú rí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má san ìkejì. A ó lẹ ìwé ìnáwó mọ́ ara ògiri ọjà.

Fọ́ọ̀mù náà, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ ní Yorùbá, kó sì jẹ́ ti bébà. Àwọn ìyá wa tó fojú díwọ̀n aró tí kò ṣì í wọ̀n kò lè kún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń bá wọn kún un ń gbowó, ó tún ń gba nọ́ńbà NIN wọn.

Ẹ ò ní sọ pé kò kàn yín. Ọjà àti gọ́tà wà lára iṣẹ́ tí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbé fún ìjọba ìbílẹ̀. Ní 11 Oṣù Keje, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa wọ àpò rẹ̀ tààrà. Bí ìdájọ́ náà ṣe ń ṣẹ sí, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Àwa ń wo gọ́tà tiwa.

Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n ṣe bí àdìrẹ, ti kún ọjà ní owó pọ́ọ́kú. A ò ní kí ẹ lé ẹnikẹ́ni. Bí omi bá sún mọ́ wa, owó tí à ń ná sórí aṣọ tiwa á dínkù.

Kí ẹ tó ka ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, ẹ dá ọjọ́ kan fún wa, kí ẹ sì rán ẹlẹ́rọ yín wá wọn ẹ̀yìn ọjà. Kó wá láàárọ̀, torí lọ́sàn-án kò ní ráyè gbẹ́sẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Ìyá Ẹgbẹ́, Akápò àti Akọ̀wé,
lórúkọ aláró àti aládìrẹ Ìtòkú.