Lẹ́tà sí Olùwádìí Tí A Kò Tíì Bí

Ìwọ tí a kò tíì bí,

Bóyá ewú ti bo orí rẹ, bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè ọ́ níbi tí o wà. Síbẹ̀, èmi ni mo ṣáájú rẹ dé ayé, "ìwọ" ni n ó máa pè ọ́. Má bínú.

Mo mọ̀ pé ẹrù wa lò ń tú, o fẹ́ mọ bí a ṣe ń wo ibi tí ayé ń lọ. Irinṣẹ́ ni wàá kọ́kọ́ rí. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ulm, ní Jámánì. Allada ló ti kúrò, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ní 1659, ìwé tó ka ẹrù tí Christoph Weickmann, oníṣòwò kan ní Ulm, kó jọ lẹ́sẹẹsẹ jáde, ọpọ́n náà sì wà níbẹ̀: wọ́n ní pátákó ìrúbọ ọba ni, wọ́n ní àwòrán èṣù ló kún ojú rẹ̀. (Èṣù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rò.) Igi náà ṣì wà, kòkòrò kò jẹ ẹ́. Ta ló tẹ odù, àmì Ifá, sórí rẹ̀? Kí ni Ifá wí fún ọba? Ìyẹn ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Wàá rí i pé àjọ UNESCO kéde Ifá ní ohun àjogúnbá aráyé ní 2005. Irú ìwé oyè bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọnù.

Bí o bá sì rí ẹsẹ Ifá tí ẹnì kan kọ sílẹ̀, ojú rẹ lè fò ó. "Yóò ṣẹlẹ̀" ni wàá máa wá, "ó ṣẹlẹ̀" ni wàá máa bá. Ẹsẹ á dárúkọ awo, á ní wọ́n díá fún Lágbájá, wọ́n ní kó rúbọ, ó rú u tàbí ó kọtí ikún, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ rèé. Ọ̀rọ̀ àná ni látòkèdélẹ̀. Ẹni tó wá dá Ifá ni yóò gbọ́ ọ, tí àyà rẹ̀ yóò já pé òun ni wọ́n ń bá wí. Odù 256 ni, ẹsẹ inú wọn kò lóǹkà. Bí ẹni yẹn kò bá sí níbẹ̀, ìtàn lásán ni.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ mi. Mo fi rédíò pamọ́ sábẹ́ àga nílé bàbá ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, mo gbà á sílẹ̀. Ojú kejì rẹ̀ ti di fújì, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bírò ni mo fi ń wé okùn rẹ̀ padà. Mo ń gbọ́ ikin, èkùrọ́ Ifá, tó ń kan ara wọn lọ́wọ́ Bàbá. Yóò fi ọwọ́ kan gbá wọn; bí méjì bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ kejì, ìlà kan lórí ọpọ́n, bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ìlà méjì, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ gbé ẹsẹ.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, ìyá mi mú náírà kan, ó gbé e sún mọ́ ètè, ó bá owó sọ̀rọ̀. Owó lò ń sọ ọ́ fún, babaláwo kì í bi ọ́ ní ohun tó gbé ọ wá. Lórí kásẹ́ẹ̀tì, àkùkọ ló ń kọ níbẹ̀, ẹnì kan ń gún nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ti yí i sókè pátápátá, etí mi kò gbé e. Ìyá mi ti sùn, n kò sì bi í.

Bí ẹ̀rọ tìrẹ bá lè ya ohùn ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti adìyẹ, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àkùkọ náà kọ. Àárín ìgbà méjèèjì ni ìyá mi ti sọ̀rọ̀.