Ife-Ẹ̀yẹ Nìkan Kọ́ Ni Ìtàn Ayé Olùkọ́ Eré Ìdárayá

Sí Olóòtú,

Inú mi kò dùn rárá sí ohun tí mo kà nínú ìwé ìròyìn kan ní ọ̀sẹ̀ yìí nípa olùkọ́ eré ìdárayá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn tó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo. Wọ́n to àwọn ife-ẹ̀yẹ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ka iye ìdíje tó borí àti iye tó pàdánù, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ń fọn fèrè sí i, ó sì parí síbẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan nípa kíláàsì tó ti máa ń kọ́ni láàárọ̀ kí ó tó dé orí pápá nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dárúkọ ẹyọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò gba ife kankan ṣùgbọ́n tó di ènìyàn lábẹ́ rẹ̀. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ èmi náà, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá yọ kíláàsì kúrò nínú ìtàn rẹ̀ ti gé ìtàn náà sí méjì.

Kì í ṣe àwọn oníròyìn nìkan ni ẹjọ́ yìí kàn. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń gba ẹnì kan síṣẹ́, wọn a sì gbé iṣẹ́ ènìyàn méjì lé e lọ́wọ́: kí ó kọ́ kíláàsì, kí ó ṣètò ìdánwò, kí ó máàkì rẹ̀, kí ó dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí pápá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó bá wọn rìnrìn àjò lópin ọ̀sẹ̀, kí ó jókòó ti èyí tó bá fara pa ní ilé ìwòsàn, kí ó sì máa bẹ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣojú kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ìdánwò tí kò bá wọn ṣe. Nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, àwọn aláṣẹ kan náà á ní wákàtí orí pápá kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì pàdánù léraléra, wọn kò ní rántí pé olùkọ́ ni mọ́. Wọn a ní kí ó máa lọ.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé ẹ̀kọ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá, kí ó wo John Wooden, tó jẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní yunifásítì UCLA, ní Amẹ́ríkà, láti 1948 sí 1975. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè náà nígbà 10 láàárín ọdún 12. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ní sáà tó lò kẹ́yìn, àwọn onímọ̀ méjì, Ronald Gallimore àti Roland Tharp, lọ jókòó níbi tó ti ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ń sọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó ń sọ ló jẹ́ àlàyé pọ́ńbélé lórí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe àti bí wọn yóò ṣe ṣe é. Ìyìn kò pọ̀ níbẹ̀, èébú kò sì pọ̀. Bí èyí kì í bá ṣe iṣẹ́ olùkọ́, kí àwọn aláṣẹ sọ fún wa ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ olùkọ́.

Ẹlòmíràn tí mo máa ń ronú nípa rẹ̀ ni Ed Temple ti yunifásítì Tennessee State, ní Amẹ́ríkà, tó fi ohun tó ju ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá, tó sì tún jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní yunifásítì kan náà. Òun ló kọ́ Wilma Rudolph, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti ṣe lẹ́sẹ̀ nígbà èwe, tó sì gba wúrà mẹ́ta ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Róòmù ní 1960. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó gba wúrà fún Amẹ́ríkà nínú eré àfọ̀pálélọ́wọ́ lọ́dún náà, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Wyomia Tyus tó gba wúrà mítà 100 ní 1964, tó sì tún gbà á ní 1968, ọwọ́ rẹ̀ náà ló ti jáde. Láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ní gúúsù Amẹ́ríkà kì í gba ènìyàn dúdú sílé, ó ń wa àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ síbi ìdíje nínú ọkọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n dì dání láti ilé. Ogójì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló lọ sí Òlíńpíìkì, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ 23. Ṣùgbọ́n iye tó wú mi lórí jù ni pé nínú ogójì yẹn, 39 ló gboyè jáde ní yunifásítì. Ẹ wo iye ìgbà tí ẹ ti ka ọ̀rọ̀ nípa 23 náà, kí ẹ sì wo bóyá ẹ ti rí 39 yìí rí.

Àwọn ìwé ìròyìn gan-an ti jẹ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbèsè tipẹ́. Nígbà tí Eddie Robinson bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Grambling, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní 1941, òun fúnra rẹ̀ ló ń gé koríko pápá, òun ló ń di ọrùn ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, òun náà ló sì ń kọ ìròyìn ìdíje fún àwọn ìwé ìròyìn. Títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1997, ó ti borí nínú ìdíje 408. Iye yìí ni gbogbo ènìyàn ń pè, bí ẹni pé ìdíje ló ń jí lọ bá lójoojúmọ́, tí kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Mo tún un sọ: ife-ẹ̀yẹ nìkan kọ́ ni. Nínú gbogbo iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá, bóyá èyí tó le jù ni kí ó pe akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń làágùn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó sọ fún un lójúkojú pé wọn kò mú un, kí ó sì sọ ọ́ lọ́nà tí ọmọ náà yóò fi padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò sí àpótí tí wọ́n ń to ìyẹn sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ni pé kí wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ kan fún olùkọ́ eré ìdárayá kọ̀ọ̀kan láti sáà àkọ́kọ́ tó bá wọlé. Kí ìwé náà wà ní ilé ìkàwé, kì í ṣe ní ọ́fíìsì aláṣẹ tó lè lọ lọ́la, kí ẹrù rẹ̀ sì bá a lọ. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ sí i, títí kan àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́, ẹni tó gboyè, àti ẹni tí kò gbà á pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Kí olùkọ́ náà fi ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kún un, títí kan èyí tó gbìyànjú tí kò yọrí sí rere. Wooden máa ń kọ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojoojúmọ́ sórí káàdì, ó sì ń tọ́jú wọn. Ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yẹn, iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Ní ọdún tí olùkọ́ náà yóò lò kẹ́yìn, kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò jókòó tì í, tí yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ wá sọ tiwọn, àwọn tó gba ife àti àwọn tí kò gbà á. Ìwé, bírò àti ẹni tó lè fetí sílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Àwọn aláṣẹ kò lè sọ pé owó ni kò sí.

Yàtọ̀ sí èyí, kí wọ́n máa ka wákàtí orí pápá mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìgbéga àti owó ìfẹ̀yìntì. Kí wọ́n sì fún un ní igbákejì.

Ní tiyín, Olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ rán akọ̀ròyìn kan sí olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì yìí. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó sì rántí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Kí akọ̀ròyìn náà bi í ní ohun tó ń kọ́ wọn ní kíláàsì kí ó tó bi í ní iye ìdíje tó borí, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde ní odindi ojú ewé kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ eré ìdárayá kan nígbà kan rí