Aṣọ Pupa, Owó Yúrò

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ọ̀kun o! Ṣé òtútù Leipzig ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Ooru la ń bá yí níbí, iná ọba sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Mo rí fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́, èyí tí ẹ fẹ́ fi tọrọ owó fún eré ijó tí a fẹ́ jọ ṣe. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kà á lórí fóònù. Inú mi dùn pé o rántí ẹgbẹ́ oníjó wa, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun níbẹ̀.

Kí o má baà rò pé àròyé lásán ni, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Bùnú, mo lọ bá ìyá kan tó ṣì mọ aṣọ ipò hun, aṣọ pupa àwọn ará Bùnú. Òfì ìdúró ni tiwọn, wọ́n gbé e ti ògiri. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń fi pátákó pẹlẹbẹ kan lu òwú wọlé: gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀. Mo wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Èyí tí wọ́n hun kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo wá bi wọ́n, pẹ̀lú ẹnu dídùn o, bóyá a lè gé aṣọ náà kí á fi rán ẹ̀wù fún àwọn oníjó wa. Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ta ló kú?"

Ojú tì mí. Ìwọ náà mọ̀ pé aṣọ ipò kì í ṣe aṣọ òde. Ìsìnkú ìjòyè ńlá ni wọ́n ń kó o jáde fún, egúngún sì ń gbé e wọ̀. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọmọ Ọ̀kun, Yorùbá Kogí, ni mo fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gé e.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n sọ ibi tí òwú pupa náà ti wá nígbà àwọn ìyá wọn: kúbùsù òyìnbó ni! Kúbùsù pupa, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù. Wọ́n á tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n á fi hun aṣọ tí wọ́n ń fi sin ìjòyè. Fọ́ọ̀mù rẹ ní ká ṣàlàyé "bí a ó ṣe fún àṣà ní ìtumọ̀ tuntun" nínú ọ̀rọ̀ 300. Àwọn obìnrin Bùnú ti ṣe é tipẹ́, kò sí àjọ tó fún wọn ní kọ́bọ̀.

Ó yá, owó. Mo ka òfin Creative Europe, owó tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń fún iṣẹ́ àṣà, ti 2021 sí 2027 yìí dáadáa. Iṣẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ó sì lè gbà tó 200,000 yúrò. 80 nínú 100 ni wọ́n ń san, ẹ̀yin lẹ máa wá 20 tó kù. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí owó náà kàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi kọ orúkọ wa sábẹ́ àwọn alábàákẹ́gbẹ́ tí kì í gbowó. Wọ́n pè wá síbi àsè, wọ́n ní ká gbé abọ́ tiwa dání.

Mi ò bá ẹ jà lórí ìyẹn, ìwọ kọ́ lo ṣòfin. Ibi tí mo ti ń bá ẹ jà ni ìṣirò owó tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ẹni tó ń tan iná orí ìtàgé wà níbẹ̀. Ti ẹni tó máa hun aṣọ wá jẹ́ "ẹ̀bùn ìmọrírì", 150 yúrò. Ẹ̀bùn kẹ̀! Iṣẹ́ oṣù mélòó ni?

Má sọ fún mi pé Màmá Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aládìrẹ yẹn, ṣe tiwọn láìsí wàhálà yìí. Mo mọ̀ pé ọmọ Ògìdì wa níbí ni wọ́n, mo mọ̀ pé wọ́n ní ibi ìkọ́ṣẹ́ ní Òṣogbo, ní Èkó àti ní Ògìdì. Ènìyàn mélòó ló dà bíi wọn?

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kọ ìyá náà sílẹ̀ bí oníṣẹ́ tí ẹ gbà síṣẹ́, kí ẹ ka ọjọ́ wọn bí ẹ ṣe ń ka ti oníná yẹn. Kí wọ́n hun aṣọ méjì: ọ̀kan fún eré, tí ẹnikẹ́ni kò ní gé, ọ̀kan tí yóò dúró ní Bùnú. Àwọn oníjó á wọ nǹkan mìíràn. Ìró pátákó yẹn la ó fi ṣe ìlù. Mo ti gbà á sórí fóònù, ìyá náà sì fọwọ́ sí i. Bí òfin wọn ò bá gba èyí, jẹ́ ká wo owó àjùmọ̀ṣe ti Goethe-Institut, ilé àṣà Jámánì, èyí tó wà fún àwọn ará Jámánì àti ará ìta tó bá fẹ́ jọ dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, mo mọ̀.

Tètè fèsì kí ọjọ́ má baà lọ lórí fọ́ọ̀mù. Bá mi kí àwọn ọmọ. Ìyá náà ní kí n bi ẹ́: ṣé kúbùsù pupa ṣì wà ní ọsibítù yín? Bó bá wà, kí o gbé méjì bọ̀ nígbà Kérésì.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Kàbà.