Oògùn tó yẹ kó wà ní Àkúrẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lórí àwọn oògùn tuntun fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, mo kà á tán mo tún un kà, torí òun ló pa àbúrò mi obìnrin lọ́dún 2017. Ibà la kọ́kọ́ pè é, kẹ́mísìtì fún un lóògùn maléríà, ó lò ó tán ibà ò lọ, wọ́n tún ní táìfọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa dírípù sí i lára, ẹ̀jẹ̀ wá ń jáde nídìí eyín ẹ̀, ara ẹ̀ ń yọ àmì dúdú dúdú bí ẹni tí wọ́n nà, làwọn kan bá ní iṣẹ́ ayé ni, ká gbé e lọ sórí òkè. Ìgbà tí dọ́kítà kan fi máa ní ká lọ ka ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ní láàbù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Ọjọ́ kẹrin ló kú.

APL ni wọ́n pe irú tó ṣe é. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó máa ń yára pààyàn, òun gan-an loògùn ń ràn jù. Àwọn dọ́kítà ní Ṣáínà ló la ọ̀nà ẹ̀ ní bíi 1985: oògùn oníhóró, ATRA, ọmọ ìyá vitamin A ni. Ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí ò gbó nínú mùdùnmúdùn eegun, òun ló máa ń mú kó gbó. Wọ́n tún wá fi arsenic kún un, májèlé tá a mọ̀ yẹn ni o, wọ́n ń wọ̀n ọ́n fúnni, ẹni 10 tó bá tètè rí méjèèjì lò, bíi 9 ló ń yè.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kì í dúró deni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí dọ́kítà bẹ̀rẹ̀ ATRA tó bá ti fura, kó má dúró de tẹ́ẹ̀sì tó kù. Ọsibítù tá a wà ò ní hóró kan, wọ́n ní ká wá a lọ sí Èkó.

WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti fi ATRA sára oògùn tó pọn dandan látọdún 2015. Ifẹ̀ ò sì jìnnà sí wa, látọdún 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó máa ń rọra rìn ní Glivec, oògùn tiwọn, lọ́fẹ̀ẹ́ ní OAUTHC, ọsibítù yunifásítì Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ajé wọn. Ó ṣeé ṣe nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi Kọmíṣọ́nnà ètò ìlera: hóró ATRA mélòó ló wà ní Àkúrẹ́ lónìí?

Ìyá aláṣọ kan,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́