Sí Àkànní, lórí ẹ̀ńjìnì agégi tó o fẹ́ rà

Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyá rẹ ní kí n bá òun kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Èmi náà délé láti ọ̀dọ̀ rẹ ní Sátidé yẹn, àfi ti mọ́tò tó bàjẹ́ lọ́nà Ìkìrun, tí gbogbo wa jókòó sábẹ́ igi bíi wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ńjìnì tó o bá mi sọ ni mo fi ń kọ ìwé yìí. O ní èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò lágbára mọ́, pé ó ń kú bó bá ti kan igi apá. O wá ní kí n yọ̀ǹda 070 mi, ẹ̀rọ agégi ńlá àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, tàbí kí n fi owó ràn ọ́ lọ́wọ́ láti ra tuntun tó tóbi. N kò dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀ torí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ dúró tì wá, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ létí ọmọṣẹ́ ẹni.

Nígbà tó o wọlé lọ bu omi wá fún mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo bu sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì abẹ́ igi tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó kúnná bí èlùbọ́. Ṣéènì tó mú kì í lọ igi bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń họ ọ́, tí yóò máa jáde wóró-wóró, tó tóbi ju gààrí lọ. Mo wá yí ṣéènì náà síbi oòrùn. Etí eyín rẹ̀ ń dán. Eyín tó mú kì í dán létí, ibi tó bá ti kú ni oòrùn ti ń rí ojú wo ara rẹ̀.

Lórí tábìlì rẹ, mo rí fáìlì mi, irin tí mo fi ń pọ́n eyín ṣéènì. Àṣé ìwọ lo mú un lọ! Àkànní, fáìlì 070 nìyẹn, 5.5mm. Ṣéènì tó kéré sí tèmi, tí wọ́n ń pè ní .325, ló wà lára ẹ̀rọ tìrẹ, fáìlì 4.8mm ló ń gbà. Èyí tó o ń lò ti sanra jù fún un. Bó o ṣe ń pọ́n ọn lo túbọ̀ ń bà á jẹ́. O ń fi ọ̀bẹ tó kú gé ẹran, o wá ń bínú sí apá rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ti 070 náà, torí mo mọ̀ pé ó wù ọ́ láti kékeré. Ohùn rẹ̀ nìkan tó láti mú ọ̀dọ́ ọkùnrin rò pé òun ti di ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ tí Andreas Stihl dá sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1926 ló ṣe é: 106cc, agbára ẹṣin 6.5. Àwọn tó ń la gẹdú sí pákó nínú igbó kò fi í ṣeré rárá. Bó o bá ti i bọ inú ìrókò lóròó, kì í yára, kì í sì í dúró.

Ṣùgbọ́n ìwọ kì í la pákó. Igi ìdáná lò ń gé fún oníbúrẹ́dì, fún alásè, fún àwọn aládìrẹ tó ń yọ́ ìda. Kaṣú ni, tíìkì ni, dóńgóyárò ni. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, ọkùnrin kan á fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. O ó gé e lẹ́ẹ̀kan, o ó gbé ẹ̀rọ sókè, o ó sún síwájú, o ó tún gé, títí di ìrọ̀lẹ́. 070 ju kílò 10 lọ kó o tó fi irin gígùn tí ṣéènì ń yí lára rẹ̀ àti ṣéènì fúnra rẹ̀ sí i, kó o tó bu epo. Gbé e nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́ kó o wá sọ bó ṣe rí fún mi.

Ṣé o rántí bí mo ṣe máa ń ní kí o bá mi de bọ́tìnnì bùbá? O rò pé mo kàn ń rán ọmọ níṣẹ́ ni. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi kì í mọ ohun tí wọ́n dì mú mọ́. Gbígbọ̀n ẹ̀rọ yẹn ló fà á. Kò sí rọ́bà tàbí sípíríńgì tó ń gbà á mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Egungun ẹni ló ń gbà á. Àpá èjìká mi náà, ọdún tí a bí àbúrò rẹ obìnrin ni. Orí irin náà kan igi mìíràn tó wà lẹ́yìn èyí tí mò ń gé, ẹ̀rọ sì ta padà sí mi kí n tó ṣẹ́jú. Tèmi kò ní ìjánu. Ti òde òní ní ọwọ́ kan níwájú. Bó bá ta padà, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ á tì í, ṣéènì á dúró gbọin. Nítorí ìyẹn nìkan, n kò ní gbé 070 fún ọ, bó o tilẹ̀ bínú.

Bó o bá máa rà á dandan, wá MS 381 ti Stihl tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. 72cc ni, agbára ẹṣin bíi 5.3, kílò 6.6. Agbára tó fi dín sí ti 070 kò ju ẹyọ kan lé díẹ̀, ìwọ̀n tó fi fúyẹ́ jù ú lọ sì jẹ́ kílò mẹ́rin. Irin ìǹṣì 20 tó fún ọ. Èyí tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára ni yóò máa jẹ lásán. Àwọn kan á ní Husqvarna ti Sweden ló dára jù. N kò dá sí ìjà wọn. Èyí tó o bá ti lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà nítòsí ni kó o mú.

Ṣọ́ra fún olówó pọ́ọ́kú. Mo ti ra «tuntun» rí lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Orúkọ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ayédèrú ni. Kò lo oṣù mẹ́ta tí písítọ̀nù rẹ̀ fi ya. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lo rí, di okùn ìfà rẹ̀ mú, kó o jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rọ̀ sórí okùn. Bó bá já wá sílẹ̀ wìì, inú rẹ̀ ti jẹ. Kí wọ́n tú sàlẹ́ńsà rẹ̀, kó o fi tọ́ọ̀ṣì wo písítọ̀nù. Bó o bá rí ìlà tó ha á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ti epo: lítà bẹntiróòlù 5, ọ́ìlì tíúsíróòkì tó dára 100ml. Má da ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dànù sórí ṣéènì mọ́. Irin kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ irin rẹ. Má sì jẹ́ kí ṣéènì kan ilẹ̀, iyanrìn a máa pa á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó ní òun máa ta igi etí Igbó Ọ̀ṣun fún ọ yẹn, má dá a lóhùn. Èmi tí wọ́n bí sí Òṣogbo, n kò ṣẹ́ ẹ̀ka ibẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mú ẹ̀rọ rẹ wá pẹ̀lú gbogbo ṣéènì tó o ti sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti ra fáìlì 4.8mm méjì sílẹ̀. A ó jọ pọ́n wọn, ìtì igi apá kan wà lẹ́yìn ilé tí a ó fi dán an wò. Bó bá ṣì ń kú lẹ́yìn ìyẹn, a ó jọ lọ wo 381 lọ́jọ́ Ajé, n ó sì dá sí owó rẹ̀. Mú fáìlì mi dání.

Ìyá rẹ ní kó o bá òun gbé igi emi díẹ̀ wá, ti ilé ìdáná ti tán.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.